TA NI Ó WÀ LÁBẸ́ ILÉ ÌJỌSÌN RẸ?

Bíbélì kíkà: Aísáyà 1:10-17
Àkọ́sórí: Jákọ́bù 5:4

Olùfẹ́, ilé olódi kan wà ní etí òkun ní Cape Coast, ní orílẹ̀-èdè Gánà. Àwọn ará Sweden ni ó kọ́kọ́ kọ́ odi síbẹ̀ ní 1653. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á ní 1664, wọ́n sì ń kó ẹrú pamọ́ síbẹ̀ títí ọkọ̀ ojú omi yóò fi dé. Lónìí, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni. Nígbà tí èmi àti àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run kan lọ síbẹ̀, wọ́n mú wa wọ àjà ilẹ̀ tí wọ́n ń kó àwọn ọkùnrin sí. Ó ṣókùnkùn biribiri. Ẹni tí ń mú wa yí ká wá nawọ́ sókè, ó ní, "Orí ibí yìí gan-an ni ilé ìjọsìn wọn wà." Ara mi bù máṣọ.

Àlùfáà Philip Quaque, ọmọ ilẹ̀ Fante, sìn nínú ilé olódi náà láti 1766 títí ó fi kú ní 1816. Ọdún 1807 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe òfin tó de òwò ẹrú. Fún ọdún 41, àdúrà àti òwò ẹrú jọ gbé abẹ́ òrùlé kan náà!

Mo dá wọn lẹ́jọ́ lọ́kàn mi títí a fi padà dé Ùsò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi, bí mo ti ń múra ìwàásù, Ẹ̀mí Mímọ́ bi mí pé, "Owó ọmọkùnrin tí ó ro oko kòkó rẹ ńkọ́?" Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń sọ fún un pé kí ó padà wá lọ́la. Kí n tó gun orí pẹpẹ, mo gun ọ̀kadà lọ bá a, mo san owó náà pé, mo sì tọrọ àforíjì.

Ìwọ ńkọ́? Ta ni ó ń sunkún lábẹ́ ibi tí o ti ń gbàdúrà? Ṣé ọmọ ọ̀dọ̀ tí ebi ń pa ni? Ṣé òṣìṣẹ́ tí o jẹ lówó ni? Ṣé aya tí o lù lánàá? Ọlọ́run tí o ń ké pè lókè ń gbọ́ ohùn ẹni tí ó wà nísàlẹ̀. Má ṣe fi orin bo igbe mọ́lẹ̀. Sọ̀kalẹ̀, kí o ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Iṣẹ́ òní: Kí ilẹ̀ tó ṣú, san gbèsè kan, tàbí kí o bẹ ẹnì kan tí o ṣẹ̀.

Àdúrà: Baba, fi ẹni tí mo ń ni lára hàn mí, kí o sì fún mi ní oore-ọ̀fẹ́ láti tú u sílẹ̀ lónìí, ní orúkọ Jésù. Àmín.