ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: Sámúẹ́lì gbọ́ ohùn, Élì mọ ohùn

Bíbélì kíkà: 1 Sámúẹ́lì 3:1-18

  

Ẹ wo nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ní Ṣílò lóru ọjọ́ yẹn. Sámúẹ́lì gbọ́ ohùn, àmọ́ kò mọ ẹni tó ń pè é. Élì mọ bí Olúwa ṣe ń pe èèyàn, àmọ́ kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ sáré lọ bá bàbá, kó tó yé bàbá pé Olúwa ni. Ká ní Sámúẹ́lì sọ pé, "Kí ni bàbá arúgbó yìí mọ̀?", ta ni ì bá kọ́ ọ bó ṣe máa dáhùn?

Bó ṣe rí nínú ìjọ wa náà nìyẹn. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Àwọn àgbà ń sọ pé fóònù ni àwọn ọ̀dọ́ ń tẹ̀ nígbà ìwàásù. Àwọn ọ̀dọ́ ń sọ pé àwọn àgbà ò fẹ́ gbọ́ tàwọn. Níbo wá ni pásítọ̀ àwọn ọ̀dọ́ máa dúró sí?

Ẹ̀yin pásítọ̀ àwọn ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ o. Wọn ò fi yín ṣe lọ́yà fún àwọn ọ̀dọ́, wọn ò sì fi yín ṣe ọlọ́pàá fún àwọn àgbà. Iṣẹ́ yín ni pé kí Sámúẹ́lì rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ Élì. Ẹ ní kí bàbá kan jókòó ti ọ̀dọ́ kan, kó fojú ara rẹ̀ rí Bíbélì lórí fóònù ọmọ náà. Tó bá sì jẹ́ eré ló ń fi í ṣe lóòótọ́, ẹ bá a wí níkọ̀kọ̀. Ẹ pe ìyá àgbà kan wá sí ìpàdé ọ̀dọ́, kó sọ bí Ọlọ́run ṣe mú un la ìṣòro kọjá.

Ibi tó le nìyí: iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán Sámúẹ́lì sí Élì ò dùn létí. Ẹ̀rù ba ọmọ náà. Síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ṣílẹ̀kùn ilé Olúwa, kò torí ohun tó gbọ́ rí bàbá fín. Nígbà tí bàbá sì bi í, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ẹni tó ń pọ́n àgbà lójú wọn, tó tún ń bá ọ̀dọ́ bú wọn lẹ́yìn, ẹlẹ́nu méjì ni, kì í ṣe afárá.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ dákun, Élì ò bínú pé ọmọ ni Ọlọ́run bá sọ̀rọ̀. Ẹni ọdún 26 péré ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá nígbà ìsọjí Òkè-Ooye ní Iléṣà lọ́dún 1930. Àwọn àgbà ìjọ ò torí pé ó kéré ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ìwọ ọ̀dọ́, pe àgbà ìjọ kan lónìí, kì í ṣe láti tọrọ nǹkan o. Bi wọ́n pé: "Bàbá, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé Ọlọ́run ló ń bá yín sọ̀rọ̀?"

Àdúrà: Olúwa, má jẹ́ kí ohùn rẹ bọ́ sílẹ̀ láàárín àgbà àti ọmọdé nínú ìjọ wa, lórúkọ Jésù. Àmín.