Poro Tí Wọn Kì í Fín

Kúnlé ń gbin tòmátò sínú ilé ọ̀rá tí gbogbo wa mọ̀ sí gíríìnháùsì, lẹ́yìn odi Ìbàdàn. Ìyá Ṣọlá, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, ṣe olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kó tó fẹ̀yìntì, ó sì ń gbin ẹ̀fọ́ sí àkùrọ̀ títí dòní. Lójú tèmi, ìbéèrè kan wà nínú ọ̀rọ̀ wọn tí ẹnikẹ́ni tó ń ta oúnjẹ kò gbọdọ̀ sá fún.

ÌYÁ ṢỌLÁ: Kúnlé, kí ló ṣe poro mẹ́ta tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún yẹn tí ewé wọn fi lu, tí ti àwọn yòókù sì ń dán?

KÚNLÉ: Àwọn yẹn la máa ń jẹ nílé, Àǹtí. N kì í fín oògùn sí wọn.

ÌYÁ ṢỌLÁ: Àwọn tó ń dán ńkọ́?

KÚNLÉ: Ti ọjà ni.

ÌYÁ ṢỌLÁ: Ẹni tó ń ra ti ọjà, ṣé òun ò lọ́mọ nílé ni?

KÚNLÉ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ rántí ọdún 2016, nígbà tí kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta bo oko tòmátò lókè Ọya mọ́lẹ̀, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde pé ọ̀rọ̀ náà ti di pàjáwìrì. Kòkòrò yẹn kì í dúró síta kí èèyàn fọwọ́ mú un. Àárín ewé ló ń lu ihò gbà, á sì ti ibẹ̀ bọ́ sínú èso. Owó ni mo yá kọ́ ilé yìí. Tó bá wọlé tọ̀ mí wá, ta ni yóò bá mi san gbèsè?

ÌYÁ ṢỌLÁ: Ẹ̀rù tó ń bà ọ́ tọ́. Ṣùgbọ́n ìdí tí o fi ń fín in lo sọ yẹn. O ò tíì sọ ìdí tí o kì í fi í jẹ ẹ́.

KÚNLÉ: Oògùn náà ní ọjọ́ tirẹ̀, Àǹtí. Wọ́n kọ iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá kí a tó ká èso sára ike rẹ̀. Bí ọjọ́ bá pé, agbára rẹ̀ á ti lọ sílẹ̀ gan-an. Mò ń gbìyànjú láti dúró.

ÌYÁ ṢỌLÁ: Ká ní o fín in lọ́jọ́ Ajé, oníbàárà wá pè ọ́ ní Ọjọ́bọ̀ pé òun fẹ́ apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá ńkọ́?

KÚNLÉ: Mo máa ń ká a fún un.

ÌYÁ ṢỌLÁ: Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Bí tòmátò bá rà, oníbàárà á rí i. Bí kò bá pọ́n, á rí i. Èyí tí o fín níjẹta, ojú rẹ̀ kò lè rí i, ahọ́n rẹ̀ kò lè tọ́ ọ wò. Ìwọ nìkan lo mọ̀. Ní 2015, àwọn ará Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ tó ń ti Nàìjíríà lọ, torí wọ́n bá oògùn dichlorvos lára rẹ̀ kọjá ààlà. Àwọn ní ẹni tó ń bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó wà lọ́jà wa níhìn-ín, ta ló ń bá ìyá olóúnjẹ yẹ̀ ẹ́ wò, bí kì í bá ṣe ìwọ tí o gbìn ín?

KÚNLÉ: Ìyá olóúnjẹ yẹn náà lọ́wọ́ sí i o. Ẹ gbé ẹ̀fọ́ tó lu sórí àtẹ kí ẹ wò ó. Wọ́n á gbé e, wọ́n á yí i wò, wọ́n á jù ú sílẹ̀. Èyí tó ń dán ni wọ́n máa rà.

ÌYÁ ṢỌLÁ: Wọ́n ti fi tèmi sílẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀ rí, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń bèèrè fún. Ìwọ mọ̀ ọ́n.

KÚNLÉ: Ó dáa. Ẹ wo orílẹ̀-èdè Sri Lanka. Ní 2021, ìjọba wọn ṣàdédé fòfin de ajílẹ̀ òyìnbó àti oògùn oko. Ìkórè ìrẹsì wọn já wálẹ̀, oúnjẹ wọ́n, kí ọdún tó parí wọ́n ti ń tú òfin náà ká. Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyẹn?

ÌYÁ ṢỌLÁ: Rárá o. Wọ́n gba ọ̀pá lọ́wọ́ àgbẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ọ ní ìrìn mìíràn, ìwà ìkà ni. N kò tilẹ̀ bá ọ jà nítorí ajílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ohun tí ò ń fín sára èso ni mò ń sọ. Gbọ́ èyí. Ní 1926, ní Hertfordshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àgbẹ̀ kan tó ń gbin tòmátò sínú ilé onígíláàsì rí i pé ọmọ àwọn kòkòrò funfun tó ń fa omi ewé òun ti ń di dúdú. Agbọ́n kan tí kò gùn tó mìlímítà kan ló ń yé ẹyin sí wọn nínú. Ibùdó ìwádìí tó wà ní Cheshunt bẹ̀rẹ̀ sí í sin agbọ́n náà, wọ́n ń pín in fún àwọn àgbẹ̀. Nígbà tí DDT dé lẹ́yìn ogun, wọ́n pa agbọ́n tì. Oògùn wá mọ́ àwọn kòkòrò lára títí kò fi ràn wọ́n mọ́, ni àwọn àgbẹ̀ bá tún padà sídìí agbọ́n. Tuta tí ò ń bẹ̀rù yẹn náà, ọ̀pọ̀ oògùn ni kò ràn án mọ́.

KÚNLÉ: Níbo ni mo ti máa rí agbọ́n rà n'Íbàdàn?

ÌYÁ ṢỌLÁ: Fi ti agbọ́n sílẹ̀ ná. Nẹ́ẹ̀tì ilé rẹ ti ya nísàlẹ̀, mo rí i nígbà tí mò ń wọlé. Ilẹ̀kùn rẹ wà ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu. Oògùn lo fi ń dí ihò nẹ́ẹ̀tì. Rán an ná. Ewé tí kòkòrò bá ti wọ̀, já a, kó o jáde, sun ún. Wá èso dongoyaro tó gbẹ, bó o, gún un, rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì, fi aṣọ sẹ́ ẹ, po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn kí ó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Ìrọ̀lẹ́ ni kí o fín in, torí oòrùn máa ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Kì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀. Kì í jẹ́ kí ó jẹun ni, kì í sì í jẹ́ kí ó dàgbà, nítorí náà wàá máa tún un fín ni.

KÚNLÉ: Bíi dongoyaro, ewé tábà náà, inú ilẹ̀ ló ti hù, oró rẹ̀ sì lè pa èèyàn.

ÌYÁ ṢỌLÁ: Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í fín omi tábà sí ohun tí èèyàn máa jẹ. Pé nǹkan hù nínú ilẹ̀ kò sọ ọ́ di aláìléwu. Yẹ ìyẹn náà wò.

KÚNLÉ: Gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Màá gba èèyàn sí i, owó apẹ̀rẹ̀ á lọ sókè. Olówó ló máa rí tòmátò tí kò lóògùn rà. Mẹ̀kúnnù á máa jẹ tẹni tí kò bìkítà. Ṣé ìyẹn dára?

ÌYÁ ṢỌLÁ: Kò dára. N kò sì ní èsì tó tán ọ̀rọ̀ yẹn, Kúnlé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé dídúró kí ọjọ́ oògùn pé kò ní kí o gba èèyàn kankan síṣẹ́. Nẹ́ẹ̀tì rírán kò sì wọ́n. Poro mẹ́ta yẹn ni n kò lè gbà. Ibi tí oníbàárà ń jẹ ni kí ìyàwó rẹ ti máa ká. Bí ẹ̀rù bá bà ọ́ láti fún un, má tà á.

KÚNLÉ: Oníbàárà kan ń bọ̀ lọ́la. Ìjẹta ni mo fín in.

ÌYÁ ṢỌLÁ: Ọjọ́ mélòó ni wọ́n kọ sára ike?

KÚNLÉ: Méje.

ÌYÁ ṢỌLÁ: Pè é nísinsìnyí, kí ó má bàa ná owó ọkọ̀ lásán.