Imú Ẹlẹ́dẹ̀ Lára Ọgbà Báǹkì

Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹnu àwọn tó ń gba èèyàn níyànjú la ti sábà máa ń gbọ́ òwe yìí: ìyá tó ń dá àjọ nítorí owó ilé-ìwé ọmọ, ọ̀gá tó ń fi ọmọṣẹ́ lọ́kàn balẹ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ á mọ́ iṣẹ́. Bí wọ́n bá ti pa á tán, ohun tí olúwarẹ̀ ń gbọ́ ni pé kó ní sùúrù. Sùúrù wà nínú ẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ká ní sùúrù nìkan làwọn àgbà ní lọ́kàn ni, ìgbín ni wọn ì bá fi pa á. Ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n mú, ẹlẹ́dẹ̀ kì í sì í ṣe ẹran sùúrù.

Ẹni tó bá ti sin ẹlẹ́dẹ̀ rí mọ bó ṣe ń ṣe é. Kò ní ìwo tó máa fi kan ọgbà, kò sì lè fò ó bí ewúrẹ́. Yóò rìn yí ọgbà ká, yóò máa fimú tú ilẹ̀ títí á fi bá ibi tí igi kan ti jẹrà nídìí. Ibẹ̀ ló máa ki imú bọ̀. Á tì í, á fi í sílẹ̀, á lọ mumi, á padà wá, ibi tó tì lẹ́ẹ̀kan ló sì tún ń padà sí. Nígbà tó bá yá, imú á kọjá, ojú á tẹ̀ lé e. Bí èjìká bá ti wọlé, ẹ̀gẹ́ olóko ti wọ gàù. Ohun méjì ló jẹ́ kó rí i ṣe. Kì í kúrò lójú kan, kì í sì í dúró dìgbà tí agbára rẹ̀ máa tó wó gbogbo ọgbà. Ẹlẹ́dẹ̀ tó bá ń tì níbí lónìí, tó ń tì lọ́hùn-ún lọ́la, ìta ló máa kú sí.

Òwe yìí kan náà ni wọ́n máa ń pa fún olóko. Olóko tó rí imú nínú ọgbà tó ní, “Ẹ fi í sílẹ̀, imú lásán ni,” òun náà ló máa káwọ́ lérí nígbà tí iṣu bá tán. Àwọn tó ń fi òwe náà gba ara wọn níyànjú kì í fẹ́ rántí apá yìí, torí ó ń bi èèyàn ní ìbéèrè tí kò dùn ún gbọ́: ìwọ tó o ń pe ara rẹ ní ẹlẹ́dẹ̀ yìí, ṣé kì í ṣe ìwọ lo lọgbà?

Lọ́rọ̀ gbèsè ilé, ìbéèrè yẹn ló yẹ ká kọ́kọ́ dáhùn. Ẹ jẹ́ ká mú tọkọtaya Yorùbá kan ní Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi táwọn èèyàn wa pọ̀ sí gan-an. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní Bàbá Tóbi àti Ìyá Tóbi. Wọ́n yá £200,000 lọ́wọ́ báǹkì láti fi ra ilé, ọdún 25 ni wọ́n máa fi san án, èlé rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 5 nínú 100 lọ́dún. Owó oṣooṣù wọn á jẹ́ £1,169. Nínú èyí tí wọ́n san lóṣù kìíní, èlé gbé £833 lọ. Ohun tó kan ojú owó ò ju £336 lọ. Bí èlé náà ò bá yí padà títí ọdún 25 fi pé, nǹkan bíi £350,000 ni wọ́n máa ti san lórí £200,000. Kò sẹ́ni tó yọ ìbọn sí wọn. Imú ló ń wọlé lóṣooṣù.

Gbèsè tí kì í pariwo nirú èyí. Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn láyé ọjọ́sí máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè ni, wọn kì í jókòó, wọn kì í dìde, títí owó á fi yọ. Ojú á ti onígbèsè, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Ní ti mọ́gẹ́ẹ̀jì, ìyẹn gbèsè ilé, kọ̀ǹpútà á yọ owó náà láàárọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù, kí Bàbá Tóbi tó jí. Kò sí ìtìjú, nítorí náà kò sí ohun tó ń ta á jí.

Àwọn baba wa mọ gbèsè tó ń fi èlé rọ̀ síni lọ́rùn. Ẹni tó fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, gbogbo iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe lóko olówó, èlé ló ń san. Ojú owó ò yẹ̀ kúrò níbi tó wà. Ìwọ̀fà lè fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ebè kí iye tí baba rẹ̀ yá ṣì pé géérégé. Mọ́gẹ́ẹ̀jì tọkọtaya wa sàn jùyẹn lọ, torí díẹ̀ ń bọ́ lára ojú owó. Àmọ́ oríṣi kan wà ní Ìlú Ọba tó jẹ́ èlé nìkan lèèyàn á máa san títí ọdún á fi pé, kó tó wá kó odindi ojú owó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lójú tèmi, ìwọ̀fà tó wọ kóòtù nìyẹn.

Nílé ní Nàìjíríà, ọ̀nà mìíràn la máa ń gbà kọ́lé. Èèyàn á ra pulọ́ọ̀tì kan ní Ìkòròdú, á fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, á to búlọ́ọ̀kù dórí fèrèsé, owó á tán, koríko á hù nínú pálọ̀. Tówó bá tún dé, á kan páànù. Ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń sùn nínú ẹ̀ kí wọ́n tó rẹ́ ẹ. Díẹ̀ díẹ̀ yẹn wà lára wa. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ẹni tó lè fi ọdún méjìlá kọ́lé ní búlọ́ọ̀kù-búlọ́ọ̀kù á dé Lọ́ńdọ̀nù, á máa wo gbèsè ilé bí ẹni ń wo òjò.

Ẹ wo ohun tí díẹ̀ lè ṣe níbẹ̀. Bí Bàbá Tóbi bá ń fi £100 lé owó oṣooṣù láti ìbẹ̀rẹ̀, gbèsè náà á tán ní nǹkan bí ọdún 21 àti oṣù 5. Èlé tí wọn ò ní san mọ́ á lé ní £24,000. Ìdí rẹ̀ ò le: èlé ti gba tiẹ̀ kúrò nínú £1,169, kò ní nǹkan kan í bá £100 dá pọ̀. Odindi £100 náà, ojú owó ló lọ bá, èyí tó bá sì ti kúrò lára ojú owó lónìí ò lè bí èlé mọ́ títí ayé. Ìdí nìyí tí £100 ọdún kìíní fi lágbára ju £100 ọdún ogún lọ.

Àmọ́ ojú kan náà ni kí imú wà o. Àwọn báǹkì kan wà tó jẹ́ pé, bí o bá san lé e, wọ́n á dín owó oṣooṣù rẹ kù, wọ́n á sì fi iye ọdún sílẹ̀ bó ṣe wà. Èyí tí wọ́n dín yẹn á bá owó ẹran àti owó aṣọ ẹbí lọ. Kí olúwarẹ̀ sọ fún wọn ní pàtó pé ọdún ni kí wọ́n gé. Kó sì ka ìwé àdéhùn rẹ̀. Púpọ̀ nínú mọ́gẹ́ẹ̀jì tí wọ́n de èlé rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọdún méjì tàbí márùn-ún ló gbà kéèyàn san tó ìdá 10 nínú 100 gbèsè tó kù lé e lọ́dún. Ẹni tó bá kọjá ibẹ̀ á san owó ìtanràn, tó sábà máa ń wà láàárín ìdá 1 sí 5 nínú 100. Ó dà bíi pé ẹni tó kọ àdéhùn yẹn ti gbọ́ òwe wa rí: díẹ̀ ni kò níjìyà, rẹpẹtẹ ló ní.

Mi ò sí lára àwọn tó ń wàásù pé gbogbo ìgbà ló dáa láti san gbèsè ilé ṣáájú àsìkò. Lóṣù kẹta ọdún 2020, Bank of England já èlé rẹ̀ wálẹ̀ dé 0.1 nínú 100; nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ ọdún 2023, ó ti gòkè dé 5.25. Ẹni tó ti de tiẹ̀ mọ́lẹ̀ ní 1.5 kí ó tó gbóná, nǹkan bíi £800 ló ń san lóṣù lórí irú gbèsè tí tọkọtaya wa ń san £1,169 lé lórí. Lákòókò yẹn, owó tó bá fi pa mọ́ sí báǹkì ń bí ju iye tí gbèsè rẹ̀ ń jẹ lọ. Kó tọ́jú £100 rẹ̀ síbẹ̀, kó wá dà á lé gbèsè lọ́jọ́ tí àdéhùn èlé bá parí, tí ìtanràn ti kúrò nílẹ̀, ìyẹn lọgbọ́n. Ẹni tó jẹ gbèsè orí káàdì tó ń gba èlé tó lé ní ìdá 20, tó wá ń sáré san ti ilé tó ń gba 5, ẹlẹ́dẹ̀ méjì ló wà lóko rẹ̀, kékeré ló ń lé.

Ibi tí òwe náà ti le jù ni ọ̀rọ̀ ẹbí. Ìyá Tóbi lè sọ pé: “Bàbá Tóbi, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí Màmá sọ lórí fóònù? Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti tán lọ́wọ́ wọn. Ẹ wá ń kó owó fún báǹkì tí kò bèèrè lọ́wọ́ yín.” Ọkọ á fèsì pé, “Ṣé o fẹ́ kí n gbé gbèsè yìí wọ sàréè ni?” Ẹjọ́ àwọn méjèèjì dùn. Ohun tí mo kíyè sí ni pé ìfẹ́ àtisan gbèsè tán tètè máa ń di ahun. Nọ́ńbà tó ń já wálẹ̀ lórí fóònù dùn ún wò, adùn yẹn sì lè mú kéèyàn máa pe owó oògùn ìyá rẹ̀ ní ìnákúnàá.

£1,169 nìkan ni Bàbá Tóbi bá báǹkì ṣe àdéhùn lé lórí, ìyẹn ò gbọdọ̀ yẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣèlérí £100. Lóṣù tí oògùn bá tán, kí £100 náà gba ọ̀dọ̀ Màmá ní Ìjẹ̀bú-Igbó lọ. Báǹkì ò ní kọ lẹ́tà, kò sì ní bínú. Lóṣù kejì, kó padà sójú ibi tó ń tì. Bí oṣù mẹ́rin bá tiẹ̀ ń bọ́ báyìí lọ́dọọdún, gbèsè wọn á ṣì fi nǹkan bí ọdún méjì àtààbọ̀ tán ṣáájú ọjọ́ tí báǹkì kọ sínú ìwé.