Ojú Ọ̀run Tó Ẹyẹ Í Fò, Ihò Igi Ńkọ́?

Púpọ̀ nínú wa ni ó ti rìnrìn àjò lọ sí Amẹ́ríkà láti bá àwọn ọmọ wa tọ́jú ọmọ tuntun. Ẹni tí ó bá lọ ní ìgbà òtútù yóò mọ̀ pé ojú fèrèsé ni a máa ń wà jù. A ó pọn ọmọ, a ó sì máa wo ẹ̀yìnkùlé.

Báyìí ni a ṣe rí ẹyẹ kan ní ìpínlẹ̀ Maryland, tí ó bà sórí ọgbà nígbà tí yìnyín bo ilẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró, àyà rẹ̀ pọ́n bí amọ̀, ikùn rẹ̀ sì funfun. Bluebird ni wọ́n ń pè é. Nígbà ooru, kòkòrò ni ó ń jẹ jù. Bí òtútù bá dé, a máa jẹ èso wẹ́wẹ́ orí igi. Ní alẹ́ tí òtútù bá mú gan-an, púpọ̀ nínú wọn a kó ara wọn jọ sínú ihò kan, kí ara wọn lè móoru. Ṣùgbọ́n ẹyẹ yìí kò lè gbẹ́ ihò fúnra rẹ̀. Inú ihò tí àkókó ti gbẹ́, tàbí ihò igi tí ó ti jẹrà, ni ó ń wọ̀ sí.

Àwọn àgbà wa ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láìfarakanra. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ihò igi kò tó bí ojú ọ̀run. Àwọn ènìyàn ń gé igi gbígbẹ, wọ́n sì tún kó ẹyẹ mìíràn wá láti òkè òkun. Ní nǹkan bí 1851, wọ́n tú ológoṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ ní Brooklyn. Ní 1890, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Eugene Schieffelin tú nǹkan bí 60 ẹyẹ starling sílẹ̀ ní Central Park ní New York. Inú ihò ni àwọn méjèèjì náà ń gbé, wọ́n sì lágbára. Ológoṣẹ́ a máa fọ́ ẹyin bluebird, a sì máa pa á mọ́ inú ìtẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni bluebird ṣe dín kù.

Nígbà tí ó yá, àwọn aláàánú bẹ̀rẹ̀ sí kan àpótí fún un. Ọ̀kan nínú wọn ni Lawrence Zeleny ní Maryland, ẹni tí ó dá North American Bluebird Society sílẹ̀ ní 1978. Bí ẹnu àpótí bá jẹ́ íǹṣì kan àbọ̀, starling kò lè wọlé, bluebird yóò wọlé. Ẹyẹ náà sì ti pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ológoṣẹ́ náà lè wọlé, nítorí náà àwọn tó ni àpótí a máa tú ìtẹ́ rẹ̀ ká. Òfin dáàbò bo bluebird. Kò dáàbò bo ológoṣẹ́.

Ní ìparí oṣù Kejì, ọkọ ọmọ wa ń fa koríko ológoṣẹ́ jáde nínú àpótí. Ọmọ-ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́fà, béèrè pé, “Màmá Àgbà, kí ló ṣe?” A ní àlejò ni, kì í ṣe ẹyẹ ilẹ̀ yìí. Ó tún béèrè pé, “Ta ló mú un wá?” A kò rí èsì fọ̀.

Ìbéèrè yẹn mú wa rántí ilé. Nígbà tí a ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, a lọ mú ọmọdébìnrin kan wá láti abúlé kí ó lè bá wa tọ́jú àwọn ọmọ wa. Nígbà tí owó oṣù kò wá déédéé mọ́, tí oúnjẹ kò tó, ẹran dín nínú ìkòkò, òun ni a kọ́kọ́ pè ní olè. A kò ṣe ìwádìí. A dá a padà sí abúlé. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òun ló wọkọ̀ wá bá wa. Àwa ni a lọ mú un.

Ǹjẹ́ ó burú láti gbèjà bluebird? Rárá o. Ẹni tí ó kan àpótí, tí kò ṣọ́ ọ, pańpẹ́ ni ó dẹ fún aláìlágbára. Ó tọ́ kí a fa koríko náà jáde kí ológoṣẹ́ tó yé ẹyin. Ohun tí kò tọ́ ni kí a máa pè é ní ẹni ibi. Olúwa wa fúnra Rẹ̀ mẹ́nu kan ológoṣẹ́, ó ní Bàbá kò gbàgbé rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni kí a ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ọ̀tọ̀ ni kí a kórìíra ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ní ti ènìyàn, ọ̀rọ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ: ènìyàn kì í ṣe ẹyẹ tí a lè fa koríko rẹ̀ dànù.

Nítorí náà, ẹ̀yin arábìnrin, nígbà tí àyè bá há nínú ilé wa, tí ẹnìkan sì dà bí ẹni tí ń ni wá lára, kí a tó bá a wí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè ọmọ ọdún mẹ́fà yẹn: ta ló mú un wá? Bí ó bá jẹ́ àwa ni, ẹ jẹ́ kí àtúnṣe ti ọ̀dọ̀ wa bẹ̀rẹ̀. Kí Olúwa fún wa ní ojú àánú.