Ta Ni Yóò Tún Ilé Gbogbo Wa Ṣe?

Bíbélì fún kíkà: 2 Àwọn Ọba 12:4–16, Deuteronomi 22:8

Ẹ̀yin ará nínú kíláàsì àgbà, ìbéèrè tí a ó jọ gbé yẹ̀wò lónìí kò ṣòro láti lóye. Ó kàn ṣòro láti dáhùn níwájú àwọn tó mọ ilé wa ni. Bí ilé kan bá jẹ́ ti gbogbo ẹbí, tí òjò sì ń wọ inú rẹ̀, ta ni ó yẹ kí ó gun òrùlé lọ? Ṣé ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ ni, ṣé ẹni tó lówó lọ́wọ́ ni, àbí ẹni tó dàgbà jù, tí a ó máa retí pé kí ó pe ìpàdé?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ páànù àti ìṣó kéré jù fún Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Òfin Mose kò kà á sí ohun kékeré. Nínú Deuteronomi, a pàṣẹ fún ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun pé kí ó mọ odi yí òrùlé rẹ̀ ká, nítorí orí ilé wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n a sì máa jókòó níbẹ̀ bí àwa ti ń jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ibẹ̀ ṣubú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lórí ilé náà. Ẹ kíyè sí i pé òfin yìí kò bèèrè bóyá onílé fẹ́ràn aládùúgbò rẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹni tó ń gbàdúrà fún un láràárọ̀. Odi tí kò mọ ni a bi í léèrè.

Àwọn baba wa mọ nǹkan kan tí àwa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Nígbà tí koríko ni a fi ń bo ilé, kò sí ẹni tó rò pé òun bo ilé tán. Koríko a máa jẹrà, ikán a máa jẹ igi àjà, ẹni tó bá sì fẹ́ sùn gbígbẹ yóò tún òrùlé rẹ̀ ṣe kí òjò tó dé. Ní Ọ̀yọ́ pàápàá, ọdún bẹẹrẹ wà, nígbà tí a máa ń ru koríko bẹẹrẹ wá láti fi bo òrùlé ààfin. Rírù ú wá sì jẹ́ àmì pé ìlú tó rù ú ṣì ń sin Aláàfin. Ọba náà kò kọjá ẹni tí òjò lè pa. Àwọn ìyá wa náà a fi amọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù pa ilẹ̀ ilé, bí ó bá sì ti ń sán, wọ́n a tún un pa.

Páànù ló tàn wá jẹ. Ó ń dán nígbà tí a kàn án, a sì rò pé a ti bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ ọdọọdún. Ṣùgbọ́n ojú ìṣó ni ìpẹtà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Oòrùn ọ̀sán á mú páànù fẹ̀, òtútù òru á sún un kì, ìṣó á máa yọ díẹ̀díẹ̀, omi á sì rí ibi gbà. Ẹni tó bá gun òkè nínú ẹ̀ẹ̀rùn pẹ̀lú òòlù àti ẹ̀kúnwọ́ ìṣó, iṣẹ́ òwúrọ̀ kan ni. Ẹni tó bá dúró títí di ọdún kẹta yóò ra igi àjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ògiri amọ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́: bí omi bá gba ojú sísán wọ ẹ̀yìn sìmẹ́ńtì lọ, amọ̀ á máa rọ̀ nínú, a kò sì ní tètè mọ̀, nítorí pé ojú ògiri ṣì lẹ́wà.

Èmi tí mò ń kọ ẹ̀kọ́ yìí, olùkọ́ ni mí, mo sì ti fi ẹsẹ Deuteronomi yẹn kọ́ kíláàsì rí. Ní àkókò náà gan-an, garawa kan wà nínú yàrá ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ní ilé wa ní Ìlobùú. Lábẹ́ ibi tó ń jò ni garawa náà wà. Òjò ọdún mẹ́ta ló bá a níbẹ̀. Bí mo bá lọ kí wọn, a ó sọ̀rọ̀, a ó rẹ́rìn-ín, n ó bá wọn da omi garawa nù, n ó gbé e padà sí àyè rẹ̀, n ó sì dágbére. Mo rò pé mo ṣe wọ́n lóore. Ní ọdún kejì wọ́n gbé ẹní wọn lọ sí apá kejì yàrá. Ní ọdún kẹta wọ́n tún un gbé. Wọn kò fi ẹnikẹ́ni sùn.

Kì í ṣe pé a kò sọ ọ́ ní ìpàdé ẹbí. A sọ ọ́. Kápẹ́ńtà ti wá wò ó, ó ní páànù mẹ́fà, igi àjà méjì tí ikán ti jẹ, àti ìṣó. Iye tó pè kò tó owó tí a ná lórí aṣọ ẹbí fún ìsìnkú tó wáyé nínú ilé kan náà lọ́dún yẹn. Ẹni tó wà ní Èkó ní òun kò gbé ibẹ̀. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ní yàrá tòun kò jò. Èmi ní kí a dúró de àwọn yòókù. Gbogbo wa fẹnu kò pé ilé gbogbo wa ni, a sì gbàdúrà ìparí.

Ẹ wá wo inú Bíbélì kí ẹ rí bí ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ tó. Ọba Jehoaṣi pàṣẹ fún àwọn àlùfáà pé kí wọ́n máa gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, olúkúlùkù lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí wọ́n sì fi tún ibi tó ya lára tẹ́ḿpìlì ṣe. Ó di ọdún kẹtàlélógún ìjọba rẹ̀, ibi tó ya ṣì ya. Àwọn kan máa ń kọ́ni pé àwọn àlùfáà náà jí owó kó. N kò rí i kà níbẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé owó ń wọlé, gbogbo wọn sì mọ ibi tí ilé ti là, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wọn tí iṣẹ́ náà jẹ́ tirẹ̀. Ìgbà tí Jehoiada gbé àpótí kan, tó lu ihò sí ìdérí rẹ̀, tó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, tí a sì ń ka owó inú rẹ̀ lé àwọn tó ń bójú tó iṣẹ́ lọ́wọ́, ìgbà náà ni a tó rí gbẹ́nàgbẹ́nà àti ọ̀mọlé nínú ilé Olúwa. A kò tilẹ̀ béèrè ìṣirò lọ́wọ́ wọn, nítorí olóòótọ́ ni wọ́n. Ìwé náà sì fi kún un pé a kò fi owó náà ṣe àwo fàdákà tàbí fèrè. Ẹ̀yin tó máa ń kun iwájú ilé ní ọ̀dà ní gbogbo Kérésìmesì nígbà tí ẹ̀yìnkùlé ń wó, ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀ yẹn.

Ìdí kan wà tí n kò sọ ní ìpàdé wa. Ẹ̀rù méjì ló ń bà mí, wọ́n sì ta ko ara wọn. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá dá a ṣe, wọn yóò ní mo fẹ́ sọ ilé di tèmi. Ẹ̀rù sì tún ń bà mí pé mo lè ná owó mi tán kí ilé má sì di tèmi. Àṣà Yorùbá ti dáhùn méjèèjì, àwọn ilé ẹjọ́ sì ti gbà bẹ́ẹ̀: ọmọ ẹbí tó náwó sí ilé ẹbí kò fi bẹ́ẹ̀ di onílé, ti ẹbí ni ilé, ti ẹbí náà sì ni àtúnṣe tó ṣe. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a ní kí ènìyàn náwó sí ohun tí kò lè pè ní tirẹ̀?

Mo ti rò ó títí. Nínú ilé yẹn ni a bí mi sí. Ẹnì kan ti gun òrùlé rẹ̀ kí n tó mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀, ó kan ìṣó tó jẹ́ kí orí ẹní mi gbẹ, n kò sì mọ ẹni náà títí di òní. N kò lè san gbèsè náà fún un. Màmá ni mo lè san án fún. Níkẹyìn mo ra páànù mẹ́jọ, mo sì pe kápẹ́ńtà láìpe ìpàdé.

Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ kíláàsì má ṣe fi ẹ̀kọ́ yìí na ẹni tí kò ní. Opó tó ń yan láàrin owó ilé-ìwé ọmọ àti páànù kò dẹ́ṣẹ̀ bí òjò bá pa á. Mo sì mọ̀ pé nínú ẹbí púpọ̀, ọmọ kan ṣoṣo wà tí a ń pè ní aláàánú, tí gbogbo ilé sì di ẹrù lé lórí. Èyí náà kò dára. Kí ẹni náà lu ihò sí àpótí, kí ó gbé e síbi tí gbogbo ojú yóò ti rí i. Ẹni tí kò ní owó ṣì ní ọwọ́. Màmá, tó ń ro gọ́tà iwájú ilé láràárọ̀ kí omi má baà dúró, ti tún ilé wa ṣe jù mí lọ.

Ọ̀ràn ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ tún wà níbẹ̀. Omi tó ń já bọ́ láti orí páànù ẹni, bí a kò bá la ọ̀nà fún un, ẹsẹ̀ ògiri aládùúgbò ni yóò máa jẹ. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, aládùúgbò yẹn lè jẹ́ ará ìlú kejì. Ìlobùú ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ifọ́n sì ni ti Oròlú, ṣùgbọ́n ilé fara kan ilé tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò kò lè fi ojú mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Ní ọdún 2025, ìjà lórí ilẹ̀ láàrin Ìlobùú, Ifọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun gba ẹ̀mí, ó sì jó ilé. Ìjọba ìpínlẹ̀ kéde kónílé-ó-gbélé. Àwọn kan kò sì ní ilé tí wọn yóò gbé mọ́. A máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ọba ni, ó ní àwọn tó máa kọ́ ọ fún un. Ilé tí àgbẹ̀ fi ogún ọdún kọ́ kì í jó kó bu ẹwà sí i.

Bíríkìlà tó rẹ́ ògiri ilé wa, ọmọ Ifọ́n ni. Lẹ́yìn ìjà náà, nígbà tí ẹsẹ̀ ògiri bẹ̀rẹ̀ sí sán, wọ́n ní kí n wá ẹlòmíràn. Mo pe òun. Ó pẹ́ kí ó tó wá, nígbà tó sì dé, kò jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó ní ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ló ń jẹ ẹ́, pé kí a kọ́kọ́ la ọ̀nà omi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ sìmẹ́ńtì a ṣòfò. Màmá béèrè ìyá rẹ̀. Ó ní àlàáfíà ni wọ́n wà, pé àwọn ti bo yàrá kan padà, ó ku díẹ̀ kí ó kárí. Màmá ní, “Páànù mélòó ló kù?” Ó ní bóyá mẹ́ta.

Méjì ṣẹ́kù nínú tiwa, wọ́n wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ sọ pé ti ẹbí ni, pé kí a kọ́kọ́ bi àwọn ará ilé. Màmá kò wo ojú mi. Wọ́n ní kí n bá a gbé wọn síta. Ó so wọ́n mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó ní òun ń padà bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀.