Ẹnu Tó Jẹ Ni Kó Sọ

Ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ní í sọ pé kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Àfi bí ẹni pé torí àwa ọmọ Yorùbá tó ń gbé New York ni àwọn àgbà ṣe pa òwe náà. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin C lábẹ́ òpópónà Fulton ní Brooklyn, níbi tí a ti ń jẹ àmàlà, kò ní pààrọ̀ ọkọ̀ tí yóò fi sọ̀kalẹ̀ ní òpópónà 116 ní Harlem, níbi tí àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà ti ń se ceebu jën, ìrẹsì àti ẹja inú ìkòkò kan náà. Bó bá dé Bronx, yóò bá wààkyé àti fùfú àwọn ará Gánà. Síbẹ̀, àwọn kan wà láàárín wa tó ti pẹ́ ní ìlú yìí, tí ọwọ́ wọn kò kan ìrẹsì ará Sẹ̀nẹ̀gà rí, tí wọn yóò sì máa jà fitafita pé kò sí ìrẹsì tó tó jọ̀lọ́ọ̀fù Nàìjíríà. Ní ọdún 2021, àjọ UNESCO kọ ceebu jën sínú àkọsílẹ̀ àwọn ohun àjogúnbá aráyé. Ìyẹn ò ní kí jọ̀lọ́ọ̀fù tiwa má dùn o. Èmi gan-an, òun ni mò ń bèèrè ní òde ìnáwó. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tí kò tọ́ nǹkan wò kò lè ṣèdájọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kì í tán lẹ́nu ará New York. Ní ilé onígbàjámọ̀, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ibi tí ọbẹ̀ ti dùn àti ibi tí wọ́n ti ń fi ẹran tín-ín-rín rẹ́ ènìyàn jẹ ni ẹ óò máa gbọ́. Èyí dára lójú mi. Àdúgbò tí ẹnì kan kò bá ti bìkítà nípa ohun tí wọ́n ń tà fún un jẹ, àdúgbò náà ti kú. Ibi tí a ń gbé ọ̀rọ̀ náà lọ ló ń dùn mí. Nílé, lọ́dọ̀ olóńjẹ ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, ojú ìkòkò ni oníbàárà ti ń sọ tẹnu rẹ̀. "Ìyá, ẹ fi ṣàkì kún un." "Ìyá, ọbẹ̀ àná dùn ju tòní lọ o." Ìyá á fèsì, á bú u bó bá yẹ kó bú u, á sì tún da omi ọbẹ̀ díẹ̀ lé e. Ó parí. Níbí, a ó jẹun, a ó rẹ́rìn-ín, a ó ní ó dùn mà, a ó sì jáde lọ ba olóńjẹ lórúkọ jẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, mo wà ní búkà kan ní Brooklyn tí n kò ní dárúkọ. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta jókòó sí tábìlì ẹ̀gbẹ́ mi, wọ́n ń jẹ iyán àti ẹ̀fọ́ rírò, wọ́n ń kùn lábẹ́ ẹnu pé iyọ̀ ti pọ̀ jù, pé ibí yìí ti bàjẹ́. Bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún dá jókòó sí ọ̀kánkán wọn. Ó tọ́ ọbẹ̀ náà wò lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ọwọ́ pe obìnrin tó ni búkà mọ́ra, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má bínú o. Ẹ bá mi tọ́ ẹ̀fọ́ yìí wò. Bí ẹni pé iyọ̀ rẹ̀ lé díẹ̀."

Obìnrin náà mú ṣíbí mìíràn, ó tọ́ ọ wò, ó mi orí. "Òótọ́ lẹ sọ, Dádì. Ẹja gbígbẹ tí wọ́n gbé wá lọ́sẹ̀ yìí ló ní iyọ̀ lára, a ò sì dín tiwa kù. Ẹ jẹ́ kí n bá yín pààrọ̀ rẹ̀." Ó gbé àwo náà wọlé. Láti inú ilé ìdáná, mo gbọ́ tó ń sọ fún ẹnì kan pé kó rọ tòmátì àti ata sí ìkòkò ẹ̀fọ́ tó kù. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta náà san owó wọn, wọ́n kí i pé oúnjẹ dùn mà, wọ́n lọ. Nínú tábìlì méjèèjì, ọ̀kan ló ṣe é lóore.

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Bàbá yẹn kò parọ́, kò sì fi òótọ́ na obìnrin náà lójú àwọn ẹlòmíràn. Ó ní kí ó fúnra rẹ̀ tọ́ ọ wò. Ẹ wo bí ìyẹn ti mọ́ tó: kò ní kó gba òun gbọ́, ó fi ọbẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí.

Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìkòkò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ewédú tí à ń jẹ ní Brooklyn, inú yìnyín ló sábà máa ń wà, láti Íjíbítì. Ṣọ́ọ̀bù àwọn Lárúbáwá ni a ti ń rà á, molokhia ni wọ́n ń pè é. Iṣu tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, ti Gánà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí orúkọ Puna wà lára páálí rẹ̀. Ata rodo, ọ̀dọ̀ àwọn ará Jàmáíkà àti Trinidad ní òpópónà Flatbush ló ti rọrùn láti rí. Ṣọkọ̀ àti tẹ̀tẹ̀ ṣọ̀wọ́n, nítorí náà ọ̀pọ̀ olóńjẹ ló ń fi spinach ro ẹ̀fọ́, omi spinach sì pọ̀. Ẹni tí kò bá fún un dáadáa, ọbẹ̀ rẹ̀ á ṣàn. Bí ẹnì kan bá wá jókòó tó ń ráhùn pé ẹ̀fọ́ yìí kò rí bí ti ìyá òun ní Ìjẹ̀bú, kí ni kí ìyá olóńjẹ ṣe? Kó wọ bàálù lọ já ṣọkọ̀ wá? Ṣùgbọ́n bí iyanrìn bá wà nínú ewébẹ̀, tàbí tí òróró dòdò ti dúdú láti àárọ̀ àná, ìyẹn kò kan jíjìnnà sí ilé. Àìfẹ̀sọ̀ ṣe ni, ó sì yẹ kí a wí i. Àwọn tó máa ń sọ pé "tiwa ni, ẹ jẹ́ kí a bò ó mọ́lẹ̀" kò fẹ́ràn olóńjẹ náà tó bí wọ́n ṣe rò.

Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Àwọn oníwèé ìròyìn ìlú yìí mọ òwe náà láì gbọ́ Yorùbá. Craig Claiborne, tó di olóòtú ètò oúnjẹ ní New York Times ní ọdún 1957, ló fi ìlànà lélẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé nípa ilé oúnjẹ gbọ́dọ̀ lọ síbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí ìwé ìròyìn san owó ohun tó jẹ, kí àwọn onílé má sì mọ̀ ọ́n. Nígbà tó kan Ruth Reichl láti kọ irú rẹ̀ fún ìwé ìròyìn kan náà, ó dé wíìgì, ó yí orúkọ padà, ó lọ sí Le Cirque, ilé oúnjẹ àwọn ọlọ́lá ní Manhattan. Wọ́n mú un dúró pẹ́, wọ́n fún un ní ibi tí kò dára jókòó sí, wọ́n sì gba ìwé ọtí lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kà á tán. Nígbà tí wọ́n wá mọ ẹni tó jẹ́, ìjókòó dára, oúnjẹ yára, èso raspberry tó wà lórí oúnjẹ rẹ̀ gan-an sì tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó kọ méjèèjì pọ̀ sínú ìwé ìròyìn ní oṣù kẹwàá ọdún 1993, ó sì yọ ọ̀kan nínú ìràwọ̀ mẹ́rin tí ìwé ìròyìn náà ti fún ilé náà tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí nítorí pé kò sọ pé oúnjẹ wọn burú. Ó sọ pé oúnjẹ tí wọ́n ń gbé fún ẹni ńlá kọ́ ni wọ́n ń gbé fún ẹni tí kò lórúkọ. Lónìí, ẹni tó bá ní fóònù lè gba àwo ọ̀fẹ́, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó sì pè é ní àmàlà tó dùn jù ní Amẹ́ríkà. Ìyẹn náà jẹ dòdò.

Owó ńkọ́? Ohun tí mo máa ń bá àwọn ènìyàn wa jà lé lórí jù nìyí. A ó wọ ilé oúnjẹ àwọn ará Ítálì, a ó jẹ ohun tí kò ní iyọ̀ tí kò ní ata, a ó san gbogbo owó tó wà lórí ìwé láì wí nǹkan kan, a ó sì fi tíìpù lé e. Ká dé búkà ọmọ ìyá wa, ká bẹ̀rẹ̀ sí í ná ẹran. Owó orí tí ìjọba ń gbà lórí oúnjẹ tí a bá jẹ ní ilé oúnjẹ ní ìlú yìí jẹ́ 8.875 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ará ìlú a máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì láti mọ iye tíìpù. Nílé, bí inú wa bá dùn la fi ń fún ẹni tó gbé oúnjẹ wá ní nǹkan. Níbí, ara owó iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ní ọdún 2025, owó iṣẹ́ tó kéré jù ní ìlú náà jẹ́ dọ́là 16.50 fún wákàtí kan, ṣùgbọ́n òfin gba ọ̀gá ilé oúnjẹ láyè láti san dọ́là 11 fún ẹni tó ń gbé oúnjẹ, kí tíìpù dí èyí tó kù. Ẹni tó bá dìde láì fi nǹkan sílẹ̀ ti jẹ nínú owó ọmọ ọlọ́mọ, kó má sì sọ̀rọ̀ adùn ọbẹ̀ létí mi.

Lẹ́tà tó wà lójú fèrèsé àwọn ilé oúnjẹ pẹ̀lú ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Láti oṣù keje ọdún 2010 ni iléeṣẹ́ ètò ìlera ìlú yìí ti ń fún àwọn ilé oúnjẹ ní A, B tàbí C. Máàkì ẹ̀bi ni wọ́n ń kà: 0 sí 13 jẹ́ A, 14 sí 27 jẹ́ B, 28 sókè jẹ́ C. Eku, aáyán, ẹ̀rọ amómitutù tí kò tutù tó, ọbẹ̀ tí kò gbóná tó, irú ìyẹn ni wọ́n ń wò. Ó yẹ ká ka lẹ́tà náà, nítorí ara wa ni. Adùn kò sí nínú rẹ̀.

Ní ti àwọn tó ń gbé oúnjẹ wa gba ọ̀nà tuntun, ìbínú wa máa ń yá jù. Kwame Onwuachi, alásè tí wọ́n rán lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbà rẹ̀ ní Nàìjíríà nígbà tó wà lọ́mọdé, ṣí ilé oúnjẹ Tatiana ní Lincoln Center ní ọdún 2022. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Pete Wells ti New York Times fi í ṣe àkọ́kọ́ nínú ọgọ́rùn-ún ilé oúnjẹ ìlú náà. Onwuachi fi ẹ̀gúsí ṣe nǹkan tí wọ́n ń pè ní dumpling, àwọn kan sì fárí gá pé ẹ̀gúsí kọ́ nìyẹn. Ní ọdún 2022 kan náà ni Ayo Balogun ṣí Dept of Culture ní òpópónà Nostrand, níbi tí àwọn tí kò mọra rí ti ń jókòó yí tábìlì kan ká, tó ń gbé oúnjẹ Kwara kalẹ̀, tó sì ń sọ ìtàn wọn. Mo ti gbọ́ tí ọmọ Èkó ń bèèrè pé ta ló ń jẹ wàrà ní àwo ọlọ́lá. Ará Ìlọrin kò ní bèèrè irú rẹ̀. Kí a tó dájọ́ alásè, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó fẹ́ sè. Bó bá ní ẹ̀gúsí ìyá òun lòun fẹ́ sè tí kò jọ ọ́, ẹ wí i. Bó bá ní nǹkan mìíràn lòun fẹ́ fi ẹ̀gúsí dá, nǹkan mìíràn náà ni kí ẹ tọ́ wò.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára ni pé ilé oúnjẹ wa kì í pẹ́ kú ní ìlú yìí. Africa Kine, tí àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà mọ̀ dáadáa ní òpópónà 116 láti àwọn ọdún 1990, fi òpópónà náà sílẹ̀ nígbà tí owó ilé ga ju agbára lọ, ó sì lọ ṣí síbòmíràn ní Harlem. Òun ríbi lọ. Ọ̀pọ̀ ni kò ríbi lọ. Onílé kì í dúró kí olóńjẹ tún ẹ̀fọ́ rẹ̀ rò. Ẹni tó jẹ ẹ̀fọ́ oníyọ̀ tó dákẹ́, tí kò sì padà wá mọ́, owó ilé oṣù tó ń bọ̀ ló mú lọ, obìnrin náà kò sì ní mọ ohun tó ṣe.

Nítorí náà, bí ará àdúgbò bá bi yín pé níbo lòun ti lè jẹ àmàlà, ẹ má kàn sọ pé ibí dùn, ibẹ̀ ò dùn. Ẹ sọ ọjọ́, ẹ sọ oúnjẹ, ẹ sọ ẹni tó ń sè é: "Ẹ lọ lọ́jọ́ Sátidé, kó tó di agogo kan, torí ìyá fúnra rẹ̀ ló máa ń ro àmàlà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ bèèrè gbẹ̀gìrì kó tó tán. Ẹ fi ìrẹsì sílẹ̀, kì í jinná dénú. Mo ti sọ fún wọn, wọ́n ní àwọn ń tún un ṣe. Ẹ mú owó tíìpù dání, ẹ sì bá mi kí wọn."