Baálé Kú, Ilé Kò Gbọdọ̀ Dahoro

Àwọn àgbà ní baálé ilé kú, ilé di ahoro. Òrùlé lè má jò, ògiri lè má sán, iná sì lè máa tàn ní yàrá gbogbo, síbẹ̀ ilé ti dahoro nígbà tí ẹsẹ̀ èèyàn bá ti dá níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ tó máa ń yà ní ọjọ́ Sátidé á wá máa gba ibòmíràn kọjá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tó máa ń ti ìlú wá kí ọdún kò ní mọ ẹni tí òun tún ń bọ̀ wá kí. Bí baba tó lọ bá wá jẹ́ ọlọ́yàyà, tó rìn jìnnà, tó sì fẹ́ràn ìdílé rẹ̀, ahoro náà kì í pẹ́ hàn. Ìdí nìyí tó fi yẹ ká jọ rò ó, bó ṣe tọ́ ká máa rántí irú baba bẹ́ẹ̀, pàápàá ní agbègbè wa yìí, láti Ajah títí dé Lakowe.

Àgbẹ̀ àti apẹja ló ni ilẹ̀ Ìbẹ́jú-Lẹ́kí látilẹ̀wá. Lónìí, ẹ̀sítéètì ti to lọ bẹẹrẹ lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Lẹ́kí lọ sí Ẹ̀pẹ́. Pápá gọ́ọ̀fù wà ní Lakowe. Èbúté Lẹ́kí tí wọ́n ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2023 àti ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote sì ń fa èrò wá láti ibi gbogbo. Ọ̀pọ̀ baba tó kọ́lé síbẹ̀, Muṣin, Sùúrùlérè tàbí Agége ni wọ́n ti lo ọjọ́ ayé wọn. Aládùúgbò ń pè wọ́n ní Dádì tàbí Àlàájì, kò mọ ibi tí wọ́n ti gbà dé ibi tí wọ́n dé. Bí wọ́n bá kú, ọ̀pọ̀ ni wọn kì í sin sí iwájú ilé mọ́ bíi ti àtijọ́. Itẹ́ òkú tó jìnnà ni wọ́n ń gbé wọn lọ. Ọmọ-ọmọ kò ní máa rí ojú oórì ní àràárọ̀ kó béèrè pé ta ló sùn síbẹ̀. Ìtàn nìkan ló kù tí yóò bá a gbé.

Irú ìtàn wo la wá ń sọ? Ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ẹ ṣí ìwé ètò ìsìnkú èyíkéyìí tí wọ́n bá pín fún yín. Bébà rẹ̀ á máa dán, àwòrán baba nínú agbádá á kún iwájú rẹ̀. Nínú rẹ̀, ẹ ó kà pé wọ́n bí i ní ìlú báyìí, ó lọ sí ilé-ìwé báyìí, ó rìnrìn-àjò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Dubai àti Mẹ́kà, ó fẹ́ràn ènìyàn, ó sì fi ìyàwó, ọmọ àti ọmọ-ọmọ sáyé lọ. Òru ọjọ́ kan ni ọmọ kan jókòó kọ ọ́ sórí fóònù. Ẹ yọ orúkọ baba náà kúrò, ẹ fi ti ẹlòmíràn sí i, kò sí ohun tí yóò yí padà. Ère la gbẹ́ yẹn, a ò tíì rántí ẹnì kankan.

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tó rìn jìnnà ti rí ohun tí ará ilé rẹ̀ kò rí, nítorí náà ìtàn rẹ̀ kò lè pé nínú ilé rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú baba kan tó ti ṣòwò rí ní Kùmásì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n kó jáde. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Òfà, ará Ìlọrin, fi ilé àti ọjà sílẹ̀ padà wálé. Ọmọ tí baba yìí bí sí Èkó lẹ́yìn náà lè má mọ̀ ju pé Dádì gbé Gánà rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n jọ wọ lọ́rì kan náà bọ̀ lè ṣì wà láàyè ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òun ló mọ ohun tí baba yín gbé dání, ohun tó fi sílẹ̀, àti ẹni tó sanwó ọkọ̀ fún. Bó bá jẹ́ ará Èjìgbò tó ti ṣòwò rí ní Àbíjàn ni baba, ẹ ó wádìí débẹ̀.

Ẹ wá irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ kàn kí ẹ tó yan aṣọ ẹbí. Bí ẹ bá sì dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ má kàn béèrè pé irú èèyàn wo ni baba wa. Èèyàn dáadáa ni, ni wọn yóò sọ, ọ̀rọ̀ yóò sì tán. Ẹ béèrè pé: kí lẹ jọ máa ń jẹ? Kí ló bí yín nínú sí ara yín rí? Ta ló parí rẹ̀? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹnu púpọ̀ náà ni yóò sọ baba ọlọ́yàyà pé.

Ẹ wo Ọlábísí Àjàlá. Ní ọdún 1952, ó gun kẹ̀kẹ́ la Amẹ́ríkà kọjá pẹ̀lú aṣọ Yorùbá lọ́rùn. Lẹ́yìn náà, ó gun alùpùpù Vespa káàkiri ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ó sì kọ ìwé An African Abroad, tó jáde ní 1963. Olóyè Ebenezer Obey kọ ọ́ lórin, orin náà ló sì jẹ́ kí ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1999 ṣì máa pe arìnrìn-àjò ní Àjàlá. Iṣẹ́ ńlá ni orin yẹn ṣe. Ṣùgbọ́n ìrìn Àjàlá ló gbé yọ. Bí ọkùnrin kan ṣe jẹ́ baba nínú ilé, kò sí olórin tó lè bá ọmọ rẹ̀ sọ ọ́. Àjò kì í sì dùn kí onílé má relé. Bí ẹ bá ń ka ìlú tí baba yín dé, ẹ sọ ohun tó ṣe nígbà tó wọlé: ẹni tó kọ́kọ́ pè, ẹ̀bùn tó tú sílẹ̀, ìtàn tó máa ń tún sọ títí tí ẹ fi mọ̀ ọ́n sórí.

Bí a bá sì rántí ikú Gáà, ká sòótọ́. Ọlọ́yàyà baba lè ti fi àkókò ilé fún ọ̀rẹ́. Ìyàwó lè ti gbé oúnjẹ kalẹ̀ títí tó fi tutù. Gbogbo ohun tójú rí kọ́ lẹnu ń sọ, a kò sì ní kí ẹ tú àṣírí ilé síta. Ṣùgbọ́n ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ìyá yín kó sọ èyí tó bá fẹ́ sọ. Èèyàn ẹlẹ́ran ara làwọn ọmọ-ọmọ yóò lè fẹ́ràn, tí wọn yóò sì lè kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀.

Ohun tó wá jù lọ ni pé èèyàn laṣọ wa. Àwọn ará Èkó mọ èyí: nígbà tí wọ́n gbé Ẹ̀yọ̀ jáde ní 1854 láti bu ọlá fún Ọba Akítóyè tó ti wàjà, ìta ni wọ́n ti ṣe é, láàrin ìlú. Àwa ń ná owó sórí kánópì àti màlúù, tí fídáù tàbí ìsìn ìdúpẹ́ bá ti parí, a kì í tún pe ọ̀rẹ́ baba wa mọ́. Ẹ pín baba yín láàrin ara yín bí ẹ ṣe ń pín ogún. Kí ọmọ kan máa kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdọọdún. Kí òmíràn jókòó dípò rẹ̀ ní ìpàdé àwọn láńlọ́ọ̀dù ní Lakowe. Kí ẹni tó rọ́wọ́ mú parí owó ilé-ìwé ọmọ aládùúgbò tí baba ń san. Bí ọdún bá yí po, ẹ pe gbogbo wọn jọ, kí ọmọdé máa béèrè, kí àgbà máa dáhùn.

Ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Sísin náà kò sì parí sẹ́nu ibojì. Bí baba yín bá ṣì wà láyé, ẹ jókòó tì í lọ́sẹ̀ yìí, ẹ bi í ní ìrìn tó rìn, ẹ sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá dárúkọ sílẹ̀, pẹ̀lú ìlú wọn àti nọ́ńbà fóònù wọn. Àwọn ni ẹ ó máa bá a kí.